Ohun Tó Mú Ọwọ́ Bàbá Tutù

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà òtútù ọ̀hún. Mo gbà á ládùúrà pé orí ìdúró ni ìwé yìí máa bá yín, kì í ṣe orí ìdùbúlẹ̀, àti pé ọkọ yín àti àwọn ọmọ wà ní pípé. Tiwa níbí, ọpẹ́ ló yẹ wá. Bàbá ti kúrò ní ilé ìwòsàn. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń bá Ọ̀gá Kékeré, ọmọ ọwọ́ mi, jiyàn lórí ìbọ̀sẹ̀ tí ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní wọ̀. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí àyà yín má baà já.

Nígbà tí ẹ pè mí lọ́jọ́ yẹn, tí ẹ ní, "Kí ló ṣe Bàbá gan-an? Ṣé o ń fún un loògùn àbí o ò fún un?" ẹkún ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Jìnnìjìnnì tí ẹ sọ mí lórúkọ nígbà èwe kò tíì fi mí sílẹ̀, ìgbà tí mo sì wá di ìyá ọmọ ló gbilẹ̀ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó, kí n fi bírò sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí, kí ẹ lè kà á láìsí pé mò ń fa ikun sí yín létí.

Lọ́jọ́ tí aago tí ẹ rà fún Bàbá dé, inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe sọ fún yín lọ. Ọwọ́ òsì ló so ó mọ́. Ó ní látìgbà tí òun ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ni ọwọ́ yẹn ti ń ṣe òun bí ilé tí ayálégbé kó kúrò nínú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni tìmùtìmù abẹ́rẹ́ òun máa ń wà. Bó ṣe sọ ọ́ báyìí ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù yẹn padà sí mi lójú. Ẹ rántí abẹ́ tábìlì tí Bàbá ti ń gé aṣọ, níbi tí èmi àti ẹ̀yin máa ń jókòó sí, tí a ń ṣa àjákù aṣọ jọ, tí ẹ máa ń gba gbogbo èyí tó pupa kúrò lọ́wọ́ mi? Ẹ rántí òórùn áyọ́ọ̀nù lórí aṣọ tútù, àti Màámi lórí àpótí wọn, tí wọ́n ń ká etí aṣọ, tí wọ́n sì ń bá Bàbá bẹ àwọn oníbàárà? Kò sí ìgbà tí oníbàárà bá wá gba aṣọ tí Bàbá kì í sọ pé, "Ó ku bọ́tìnì nìkan." Aṣọ tí wọn ò tíì gé rárá, ó ku bọ́tìnì! Títí dòní, àwọn àgbà àdúgbò ṣì ń pè é ní Bàbá Ó-Ku-Bọ́tìnì.

Ẹ̀yin náà lẹ ṣàlàyé fún wa pé aago yìí á máa ka bí ọkàn Bàbá ṣe ń lù, á máa fi ránṣẹ́ sí fóònù yín àti sí ilé ìwòsàn, àti pé tí Bàbá bá ṣubú, á pè wá lójú ẹsẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Aago tí kò lè dún, ofófó ló wá mọ̀ ọ́n ṣe." Ṣùgbọ́n kì í bọ́ ọ sílẹ̀ àyàfi tó bá fẹ́ wẹ̀. Ohun tí gbogbo wa rò nìyẹn.

Ẹ mọ̀ pé mo ní ìsọ̀ kékeré níwájú ilé, tí mo ti ń ta ìwé àti pẹ́ńsù fáwọn ọmọ iléèwé. Lọ́sàn-án, Bàbá àti Ọ̀gá Kékeré ló jọ máa ń sùn ní yàrá Bàbá. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, àmọ́ kì í balẹ̀. Mo lè ta pẹ́ńsù kan, kí n sáré wọlé lọ gbé etí lé àyà ọmọ bóyá ó ń mí, kí n jáde, kí n tún wọlé. Ọkọ mi ní tí ọmọ náà bá dàgbà, etí mi ló máa kọ́kọ́ pè ní ìyá. Bàbá á dijú bí ẹni tó sùn, á jẹ́ kí n ṣe é tán.

Kò pẹ́ rárá tí nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó àwọn àgbàlagbà nílé ìwòsàn fi pè mí. Obìnrin dáadáa ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní aago Bàbá ń fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ń sáré lọ́sàn-án, àti pé dókítà ní kí n máa fún un ní odindi hóró oògùn tó ń mú ọkàn rọra lù, dípò ààbọ̀ tó ń lò tẹ́lẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún pè, ó ní ó ṣì ń sáré, kí a fi ààbọ̀ kún un. Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni mí tí mo fẹ́ bá dókítà jiyàn?

Àmọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú mi. Á bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan, á dúró láàárín rẹ̀ bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí okùn rẹ̀ já. Á fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láti fi rán bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi, oorun á gbé e lọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ sì ń tutù. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí pé mo sọ fún yín. Ẹ ní, "Èmi náà ń rí i lórí fóònù mi, ọkàn Bàbá ló ń sáré, oògùn yẹn ló sì nílò. Ìwọ Jìnnìjìnnì yìí, ìgbà wo ni o ò ní bẹ̀rù?" Mi ò bínú o. Èmi fúnra mi gbà pé ẹ̀rù mi ló tún ń ṣe mí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, mo wà nídìí ìsọ̀ tí mo gbọ́ gbì nínú yàrá. Mo fi oníbàárà sílẹ̀, mo sáré wọlé. Bàbá ni mo bá nílẹ̀, tó fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ọmọ tó ń ṣeré. Ó ní omi ni òun fẹ́ dìde mu, ẹsẹ̀ ló kọ̀. Ọ̀gá Kékeré wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sùn ní tirẹ̀, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo wo fóònù mi. Aago tí ẹ rà torí ìṣubú kò pè wá.

Àfi bí fóònù ṣe wá dún lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì ni. Ohùn rẹ̀ kò tutù mọ́. Ó ní ọkàn Bàbá ń lù tó àádóje ní ìṣẹ́jú kan báyìí báyìí, kí n fún un ní hóró kan sí i kíákíá, kí n sì máa gbé e bọ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀ láìpa á, mo já oògùn náà, mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá, mo bu omi wá. Ìgbà tí mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́ láti gbé ife ni ọwọ́ mi kan ọwọ́ rẹ̀. Ó tutù bí irin àlùmọ́gàjí láàárọ̀ kùtù. Mo ní nínú ara mi pé, báwo ni ọkàn ẹni ṣe máa sáré tó bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ rí báyìí? Mo wo ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ kí n lè rí ohun tí aago ń sọ. Ọrùn ọwọ́ ṣófo.

Mo gbójú sókè. Iná kékeré kan, aláwọ̀ ewé, ń tàn nínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, Bàbá ti ju oògùn yẹn sẹ́nu. Mi ò mọ ìgbà tí mo ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, bí a ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tó bá he òkúta jẹ. Mo yọ ọ́ jáde lórí ahọ́n rẹ̀. Bàbá ní, "Ṣé o fẹ́ kí n bù ẹ́ jẹ ni?" Èmi ti ń pariwo sínú fóònù, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi lẹ ń kà! Ọmọ mi lẹ ń kà o!" Ó wá ní kí n má fún Bàbá ní nǹkan kan mọ́, kí n fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí a jọ kà á. A kà á. Kò tó ogójì. Ó ní kí n dúró níbẹ̀, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti ń bọ̀.

Kí ọkọ̀ tó dé ni mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ. Bàbá ti rán okùn tuntun sí aago náà, aṣọ múlọ́múlọ́ tó fi òwú tẹ́ nínú, tó ṣe wẹ́kú ẹsẹ̀ ọmọ, kò fún, kò sì dẹ̀. Bọ́tìnì méjì tín-ín-tín ló fi dè é. Iṣẹ́ kan ṣoṣo láyé Bàbá tí kò ku bọ́tìnì nìyẹn.

Dókítà tó gbà á tọ́jú kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Obìnrin ni, kò dàgbà jù yín lọ. Ó ní tí hóró yẹn bá wọlé ni, òun ò mọ̀ bóyá ọkàn Bàbá kò ní dúró. Ó tún ní, "Ẹ̀bi tiwa ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìyá ọmọ. Nọ́ńbà la rí, àwa ò rí Bàbá. Ó yẹ kí á ti bi yín bí ara rẹ̀ ṣe rí kí á tó fi kún oògùn." Mo kàn ń di ọmọ mọ́ra.

Nígbà tí ojú Bàbá wálẹ̀ dáadáa, mo bi í pé kí ló dé tó fi aago rẹ̀ sẹ́sẹ̀ ọmọ. Ó ní, "Mo ń rí ẹ bó o ṣe ń wọlé tó o ń jáde, tó ò ń gbé etí lé ọmọ láyà. Bí ìyá yín ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn nígbà tí a bí ẹ. Á rán aṣọ díẹ̀, á sáré lọ wò ẹ́, títí ó fi rù. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fún un nígbà yẹn tó lè jẹ́ kó sinmi. Ní báyìí, mo ní aago. Wọ́n ní tí ọkàn bá fẹ́ ṣe ségesège, aago náà á ké sí wa. Mo ní kó máa bá ẹ ṣọ́ ọmọ tí a bá ti sùn, kí ìwọ náà lè fara balẹ̀ tajà. Tèmi tó ti gbó yìí, kí lẹ ń ṣọ́ lára rẹ̀?" Mi ò mọ̀ rí pé Màámi ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lórí mi. Mo sunkún tó jẹ́ pé aláìsàn orí bẹ́ẹ̀dì kejì ní kí wọ́n lọ pe ẹni tó máa tọ́jú èmi náà.

Wọ́n ti dá oògùn padà sí ààbọ̀, ọwọ́ Bàbá sì ti móoru. A ò bọ́ aago náà dànù, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ó wúlò, ohun tí kò mọ̀ ni ẹni tó wọ̀ ọ́. Wọn ò tún ní yí oògùn padà fún Bàbá tàbí fún àgbàlagbà kankan lọ́dọ̀ wọn mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n rí ojú rẹ̀ kí wọ́n sì bá ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá pè báyìí, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni, "Ta ló wọ aago?" Bàbá á sì lọgun láti ìdí fèrèsé pé, "Ẹni tó ni ín ni!"

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, mo sì ti pa á mọ́ra tipẹ́. Kí aago yìí tó dé, kò sí ọjọ́ Sunday tí ẹ kì í pe Bàbá, tí ẹ̀yin méjèèjì á jọ máa ṣe àríyànjiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù láyé ọjọ́un. Látìgbà tí ẹ ti ń rí i lórí fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ ló kù: "Mo rí i pé Bàbá sùn dáadáa." Mo ka ọ̀kan fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó mọ̀ pé mo sùn. Kò mọ ohun tí mo lá." Kò sọ àlá náà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, ẹ bi í.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ohun tí ẹ fi ń ṣọ́ wa láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ò ní fi ṣọ̀fọ̀ wa. Àwọn ọmọ yín á tọ́jú yín pẹ̀lú ọwọ́ tó móoru. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ ìyá yín kan ṣoṣo.

Mo gbàgbé: Bàbá rí fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́, ó ní èjìká búláósì yẹn wọ́, pé ta ló rán ìránkúràán bẹ́ẹ̀ fún yín. Ó ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, ó fẹ́ rán òmíràn. Mo ní kí n bá a bi yín léèrè ìwọ̀n yín. Ó ní rárá, òun kì í gé aṣọ fún ẹni tí kò bá dúró níwájú òun. Ẹ máa bọ̀.