Àríyànjiyàn Àkọ́sórí Ní Kíláàsì Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi, ọ̀rọ̀ yìí sì kó mi nírìíra. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè rò ó fún, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní iṣẹ́ olùkọ́ tí àwọn èèyàn ilé ẹ̀kọ́ wa sọ di eré ìtàgé.

Ṣé ẹ rántí àgbọn tí ẹ máa ń rà bọ̀ láti ọjà Agbálátà? Ẹ ó dà á sórí tábìlì, kíláàsì á wá bí a ṣe lè tà á láìpàdánù. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á jiyàn títí ariwo á fi gbòde, ẹ̀yin á kàn máa súfèé lẹ́bàá fèrèsé. Ẹni tí ìṣirò kì í tètè yé ni ẹ máa ń pè sójú pátákó, máàkì tó bá sì gbà ni gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ máa gbà. Nítorí náà, wọn kì í fi ara wọn sílẹ̀.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìbẹ́rẹ́kò gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, wọ́n fẹ́ wo bí a ṣe ń fi ẹgbẹ́ kọ́ ìṣirò. Ó bá mú ìbéèrè kan ṣoṣo, ti ọkọ̀ tó ń kó èrò sọdá ọ̀sà, ó mú kí àwọn ọmọ kọ́ ọ sórí. Bàbá, àní wọ́n kọ́ àríyànjiyàn pàápàá sórí! Wọ́n yan ẹni tí kò ní gbà, wọ́n yan ẹni tó máa pàrọwà fún un, wọ́n tún yan ẹni tí yóò máa họ orí bí ẹni ń ronú. Àwọn tí ìṣirò ń ni lára, ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n kó wọn lọ, kí wọ́n máa ṣán koríko. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àmọ́ ọwọ́ tí kò lágbára ni ọ̀gá tiwa gé sọ nù. Mo bá ọ̀gá jà, ó kọ etí ikún sí mi.

Àlejò dé. Ọ̀kan nínú wọn yí iye èrò ọkọ̀ padà, ìdáhùn àtijọ́ náà làwọn ọmọ kà jáde, àwọn àlejò ṣì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n jẹ ẹja díndín, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo ra àgbọn tèmi, mo to àga ní agbo-agbo. Mi ò tíì tú àpò tí Sẹ̀nàmi, ọmọ Àjàrà tó máa ń jókòó sẹ́yìn, fi dìde. Gbogbo àwọn tó ṣán koríko lánàá tẹ̀lé e. Wọ́n kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n mú àdá wọn, wọ́n jáde. Ẹnikẹ́ni ò rán wọn. Wọ́n rí i pé a ti to àga ní agbo bíi ti ọjọ́ àlejò, wọ́n sì gbà pé kò kàn wọ́n.

Mo sáré tẹ̀lé wọn. Mo pè wọ́n títí, wọn ò dúró. Bàbá, kí lẹ máa ń sọ fún ọmọ tí ojú ń tì, kó tó gbà láti wá sójú pátákó?

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí àárò yín ń sọ gan-an lónìí.