Ìkìlọ̀ Odò Tí O Fi Ránṣẹ́ Sórí Fóònù Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú.

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Fóònù náà ké bí ewúrẹ́ tí okùn fún lọ́rùn, ó ní odò máa kún, kí gbogbo ẹni tó wà létí odò kúrò. O ò kọ orúkọ rẹ sí i, àmọ́ ta ló tún máa rántí pé etí odò ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti tún ṣègbéyàwó? Mo gbọ́ tí fóònù àwọn ará àdúgbò ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, mo ní ọmọ mi mà dára o, ó fi tiwọn kún un. Tíṣà ilé ìwé orí òkè ní ìjọba ló fi ránṣẹ́. Mi ò bá a jiyàn. Ṣé ìjọba mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni?

Mo di ẹrù, mo gun òkè lọ sílé ìwé. Obìnrin télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ìyàwó oṣù mẹ́ta ti ń kó jáde nílé ọkọ! Òun ò lọ, ó ní wọ́n pariwo bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ̀kán omi kan ò wọlé. Ìyá oníbúrẹ́dì náà ò fẹ́ lọ, ìgbà tó rí ẹrù lórí mi ló tẹ̀ lé mi.

Káfíńtà ò lọ. Ojú ṣì ń tì mí láti kọ “ọkọ mi” sí ọ. Wọ́n bi mí pé ta ló fi ránṣẹ́, mo ní ìwọ ni. Wọ́n ń fá pákó wọn lọ. Nígbà tó yá wọ́n ní ọmọ tí ò tíì kí àwọn láti ọjọ́ tí àwọn ti fẹ́ ìyá rẹ̀, ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀ nìkan ló ń bá wí.

Omi wọlé lóòótọ́. Maṣíìnì télọ̀ bá a lọ. Káfíńtà gun orí tábìlì iṣẹ́ wọn, omi sì bá wọn níbẹ̀ dé orúnkún. Ó ti fà báyìí, àmọ́ Tíṣà ní òjò ṣì ń rọ̀ lókè odò, òmíràn ń bọ̀ tó máa jù ú lọ. Káfíńtà sì ti padà sídìí pákó wọn.

Mo mọ̀ pé ikú bàbá rẹ ṣì ń dùn ọ́. Ó ń dun èmi náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dá gbọ́ òjò lórí páànù, tí mò ń rò ó pé bóyá ìwọ náà ń gbọ́ ọ níbi tí o wà. Ẹni yìí, bí òjò bá ti ṣú, wọ́n á kọ́kọ́ wò bóyá mo ti wọlé.

Mi ò tọrọ owó lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ bó bá wà, mi ò ní dá a padà. Ìkìlọ̀ kan ni mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù tiwọn. Nọ́ńbà wọn wà lẹ́yìn ìwé yìí. Kọ ọ́ pé: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ìyá mi gun òkè. Fi “Bàbá” yẹn síwájú, torí ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ibi tí wọ́n bá kọ́kọ́ kà ni wọ́n máa ń gbà gbọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé rí ọ láìpẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.