Ọ̀dà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀rọ Omi

Pápá Àjàó, Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Ara mi ò balẹ̀. Èmi wolé-wolé ni mo ní kí àwọn ará àdúgbò máa kó ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù nílé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ká lè fi kun ilé-ìwé. Kò sẹ́ni tí kò mọbẹ̀.

Lónìí, mo bá Ìyá Ràfíù, aládùúgbò wa, níbẹ̀. Ó ń da ọ̀dà sí gọ́tà, ó ń fi iyanrìn fọ agolo rẹ̀.

"Ẹ ṣé o, ọ̀gá wolé-wolé. Ẹ bá wa rí ohun ìpọnmi."

Mo jágbe mọ́ ọn pé májèlé ni. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá wo ibẹ̀ láti ọ́fíìsì. Níbo ni mo fẹ́ ti rí ọ̀dà tí màá fi hàn wọ́n?

Mo délé, mo fẹ́ bu omi mu nínú agolo ọ̀dà tá a fi ń pọnmi sí, ọwọ́ mi dúró. Èmi ni mo fọ̀ ọ́, lẹ́yìn tá a kun pálọ̀ tán. Gọ́tà lèmi náà da ọ̀dà rẹ̀ sí.