Ẹ̀jẹ̀ Mi Kò Dúró Sójú Kan

Ojúlé Kejìlá,
Àdúgbò Etí Ọ̀sà,
Ìpákodò, Ìkòròdú.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Fàlílátù, ọ̀rẹ́ mi tó di ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Ẹ̀pẹ́? Ṣé ara Màmá ti mókun? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹja yíyan tí o fi ránṣẹ́ dé, orí rẹ̀ nìkan ni Bùsàrí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi. Òun náà ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, ẹkún ni màá sun.

Ọ̀rọ̀ táírọ́ìdì mi tún ti dojú rú. O rántí pé ohun kékeré iwájú ọ̀fun yìí ni wọ́n ní kò ṣiṣẹ́ tó, tí mo fi ń lo oògùn láràárọ̀. Kí ààwẹ̀ Ràmàdáánì tó bẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi dára. Lẹ́yìn Ìtúnu, nọ́ńbà inú ìwé àyẹ̀wò fò sókè, dókítà ní oògùn kò tó, ó fi kún un. Nígbà tó di oṣù keje, nọ́ńbà já wálẹ̀, àyà mi ń lù kì-kì-kì, ó ní oògùn ti pọ̀ jù, ó dín in kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún ti gòkè. Èyí tó tún wá ń da orí mi rú ni pé bí nọ́ńbà bá gòkè, wọ́n á ní omi táírọ́ìdì ló kéré lára. Bó bá wálẹ̀, wọ́n á ní ó pọ̀. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo wá mi orí pé ó yé mi. Irọ́ ni.

Dókítà ní kí èmi àti Bùsàrí má tíì wá oyún títí ẹ̀jẹ̀ mi yóò fi dúró sójú kan. Ọdún kẹfà tí a ti ń wá ọmọ rèé, Fàlílátù. Ó tún ń wò mí bí ẹni tí kì í lo oògùn, bẹ́ẹ̀ n kò fo ọjọ́ kan rí. Inú bí mi gan-an.

Nọ́ọ̀sì Ayọ̀midọ̀tun ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n sọ bí mo ṣe ń lò ó. Mo fi ọ́ yangàn. Mo ní ọ̀rẹ́ mi máa ń pè mí fún sàárì ní gbogbo Àtìní àti Àlàmísì, torí láti oṣù kẹjọ la ti jọ ń gba ààwẹ̀ láti fi tọrọ ọmọ fún mi, pé ẹ̀gbẹ́ abọ́ sàárì ni mo ń gbé oògùn sí kí n má baà gbàgbé, màá sì fi wàrà sóyà gbé e mì. Ọjọ́ tí n kò bá gbààwẹ̀, omi ni mo fi ń lò ó bí mo bá ti jí. Ó bi mí pé,

"Àǹtí, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ní gbogbo Ràmàdáánì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní omi lásán ni wọ́n fi ń lò ó, nígbà tí inú ṣófo, kí wákàtí kan sì kọjá kí n tó jẹun. Pé wàrà sóyà pàápàá kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa.

Ṣé ààwẹ̀ tí a fi ń tọrọ ọmọ ló wá ń dí ọmọ lọ́nà ni? Dókítà ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀, ká tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bùsàrí ní kí n pa ààwẹ̀ tì. Nọ́ọ̀sì ní kò di dandan kí n pa á tì, kí n ṣáà ti máa lo oògùn ní wákàtí kan ṣáájú sàárì. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi ti bèèrè, n kò tíì mọ ibi tí mo wà.

Bá mi kí Màmá, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Láti Àlàmísì yìí, má pè mí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ mọ́, mẹ́ta ààbọ̀ ni kí o máa pè mí. Mo mọ̀ pé oorun dùn mọ́ ọ. Má wulẹ̀ kí mi, má bèèrè Bùsàrí. Ṣáà sọ pé, "Sọ̀fíyàt, oògùn," kí o sì padà sùn.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Sọ̀fíyàt.