Ìkẹ́dùn Lórí Ikú Bàbá Sàníù Akóredé, Olùtọ́jú Rédíò Ẹgbẹ́ Wa

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àwọn Àgbẹ̀ Ìrẹ̀pọ̀dùn, Akínyẹlé.

Sí Alhaja Mùjíbátù Akóredé, àwọn ọmọ àti gbogbo mọ̀lẹ́bí, Abà Ìsàlẹ̀-Odò.

Ìbànújẹ́ ló gba ọkàn gbogbo àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí bí a ti jókòó láti kọ̀wé sí yín lórí ikú Olóògbé Sàníù Akóredé, tí wọ́n jẹ́ olùtọ́jú rédíò ẹgbẹ́ wa títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ó yẹ kí ìwé yìí ti tẹ̀lé wa wá lọ́jọ́ àdúà fídáù. Ohun tó dá a dúró ni ọ̀rọ̀ tí Alhaja sọ sí wa lójú lọ́jọ́ náà. A kò fẹ́ fi ẹnu lásán dá wọn lóhùn.

Gbogbo ará abà ló mọ bí nǹkan ti rí kí Bàbá tó gba iṣẹ́ yìí. Fóònù kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ pe ọkọ̀ akẹ́rù ẹgbẹ́ fún aláìsàn á gun orí àpáta, á na fóònù sókè bí ẹni tó fẹ́ fi ká máńgòrò, ibi tó bá sì ti ń nà án ni ara aláìsàn yóò ti máa le sí i. Bàbá ló ní ká ra rédíò tòkúnbọ̀, irú èyí tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ sí tí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn sì ń fèsì, ká gbé ọ̀kan sínú ọkọ̀, ká sì pín ìyókù sí àwọn abà. Àwọn kan nínú wa bú sẹ́rìn-ín nígbà náà. Àwọn kan náà ni kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan rédíò ọ̀hún mọ́ lónìí.

A kò lè sọ̀rọ̀ Bàbá ká má mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ rédíò Alága. Nígbà tí rédíò inú ọkọ̀ dé, bí Lìádì awakọ̀ bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, àfi bíi pé iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹnìkan ní bátìrì ni, èkejì ní ẹríà, irin tó ń fa ohùn, ni, ẹ̀kẹta ní ohun tí èèyàn ń rí nídìí tòkúnbọ̀ nìyẹn, ká dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ sì mọ àṣà wa: rédíò Alága ló kọ́kọ́ dé, Alága sì làgbà, nítorí náà rédíò tó bá ti dé, ti Alága la fi ń tún ìlà rẹ̀ ṣe. Ìlà yìí ni ojú ọ̀nà tí ohùn ń gbà nínú afẹ́fẹ́. Bí ti rédíò méjì kò bá bára mu, wọn kò lè gbọ́ra wọn yé. Ìpàdé ti fẹ́ parí lọ́jọ́ náà kí Bàbá tó nàka, tí wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wọn ti Alága fúnra ẹ̀?”

Alága ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Wándé, ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ẹ̀rọ, lọ yá ẹ̀rọ tí ń wọn ìlà wá, òun àti Bàbá sì wọn rédíò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti inú ọkọ̀, tí a kò tíì fi ti Alága tún ṣe, tí a sì fẹ́ dá padà, ló wà lójú ìlà gan-an. Ti Alága ló ti yẹ̀ nítorí ọjọ́ orí, gbogbo wa sì ti fi ọ̀wọ̀ tẹ̀lé e wọ igbó. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wa, Bàbá nìkan ló béèrè. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń lọ láti abà dé abà, tí wọ́n ń dá rédíò oníkálukú padà sójú ìlà.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí ẹ bá wa wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí àìsàn òjijì kọlu Bàbá. Alhaja dìde sí rédíò ilé, wọ́n pe ọkọ̀, wọ́n pè é títí, èsì kankan kò wá. Wọ́n fi Bàbá sílẹ̀ lórí ẹní, wọ́n sáré gba ọ̀nà ńlá lọ wá èèyàn. Nígbà tí wọ́n padà dé, ilé ti ṣófo, Lìádì ti gbé Bàbá lọ. Nígbà tí a sọ fún wọn lọ́jọ́ fídáù pé Lìádì gbọ́ ìpè wọn, wọ́n gbọ̀n ọ́n nù: “Ẹ má fi irọ́ tù mí nínú o. Mo pè, mo pè, ẹnì kankan ò dá mi lóhùn. Lìádì kàn ṣèèṣì yà ni. Èmi ni mo fi ọkọ mi sílẹ̀ lóun nìkan.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Wándé rí oorun sùn. Ó wá gba rédíò náà lọ́wọ́ Muhsinah ọmọ yín, ó gbé e sórí tábìlì rẹ̀, ó so ẹ̀rọ tí ń wọn ìlà mọ́ ọn. Ó tẹ ibi tí a ń tẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Ìlà náà gún régé. Ó tún un tẹ̀, nítorí kò dá ojú ara rẹ̀ lójú. Ó tún gún. Kí ló wá dé tí Alhaja kò fi gbọ́ èsì? Kì í ṣe ẹríà, ẹríà kan náà ni ohùn ń gbà jáde. Kì í ṣe ẹnu rédíò, nítorí ariwo ṣàà ń jáde níbẹ̀. Ó ní kí Lìádì sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀. Ariwo ṣàà náà ló ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà wá dùn ún wádìí. Ó mú rédíò mìíràn, ó ń fi í sọ̀rọ̀, ó sì ń yẹ ìlà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, “Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ ǹ lẹ́ o,” títí ó fi dé ibi tí rédíò Alága wà kí a tó tún un ṣe. Ibẹ̀ ni ohùn òun fúnra rẹ̀ ti bú jáde nínú rédíò ilé yín.

Wándé fi ọwọ́ lẹ́rán. Rédíò ilé yín ti pẹ́ láyé, ohùn tó bá yẹ̀ díẹ̀ sí ìlà rẹ̀, ariwo ṣàà nìkan ló ń sọ ọ́ dà, òun sì ni gbogbo wa kọ̀ nígbà ìpín tí Bàbá fi mú un. Irú rẹ̀ ní súkùrù méjì tó kéré: ọ̀kan fún ìlà tí a fi ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan fún ìlà tí a fi ń gbọ́. Bàbá ti tún ti sísọ ṣe. Lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n tún ti gbígbọ́ ṣe, Roheem, ọmọ ẹgbẹ́ wa, wá pè wọ́n nítorí rédíò abà tirẹ̀, Bàbá sì fi ti ilé yín sílẹ̀. Kò dí wọn lọ́wọ́, nítorí rédíò kékeré àpò wọn ni wọ́n fi ń gbọ́ èsì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú, ti àpò náà wà ní Akínyẹlé níbi tí wọ́n ti ń gba iná sí i.

Nítorí náà, Alhaja, ohùn yín jáde. Ó bá Lìádì létí oko ẹ̀gẹ́ Roheem, Lìádì sì fèsì lọ́pọ̀ ìgbà. Rédíò tó wà níwájú yín ni kò lè gbé èsì náà fún yín. Lìádì gba ẹ̀yìn oko wá, ẹ̀yin gba ọ̀nà ńlá lọ, ẹ kò sì pàdé ara yín. A kò tíì fọwọ́ kan súkùrù yẹn. Bí ẹ bá ránṣẹ́, Wándé yóò gbé e wá, kí ẹ fi ojú ara yín rí i, kí ẹ má gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ lásán.

Ní ti oko, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò bá yín kórè àgbàdo tó ti gbó nílẹ̀, ipò Bàbá nínú ẹgbẹ́ sì ti di ti Muhsinah bó bá fẹ́ ẹ. Ilé yín kò ní wà láìsí rédíò.

Ó ku ohun kan tí Lìádì kò rí ọ̀nà sọ fún yín, nítorí ẹ kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó bá Bàbá láàyè. Bó ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé wọn, wọ́n di apá rẹ̀ mú, wọ́n ní, “Lìádì, ṣé ẹ gbọ́ Mùjíbátù?” Ó ní, “A gbọ́ wọn ketekete, Bàbá.” Bàbá ní, “Alhamdulillahi. Mo ń gbọ́ ọ bó ti ń pè. Mi ò kàn mọ̀ bó dé ọ̀dọ̀ yín ni.” Wọn kò sọ nǹkan mìíràn mọ́ títí wọ́n fi dákẹ́ kí ọkọ̀ tó dé ilé ìwòsàn ní Mọ́níyà.

Kí Ọlọ́run Ọba forí jin Bàbá, kí Ó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó tu ẹ̀yin àti àwọn ọmọ nínú, Alhaja, kí Ó sì jẹ́ kí ẹ tún rí oorun sùn.

Ọmọ́tọ́lá Adégòkè,
Akọ̀wé, fún gbogbo ẹgbẹ́.