Èmi Ni Mo Jẹ́ Kí Idà Náà Wúwo

Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe Túndé. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún. Wẹ́dà ni mí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí àwọn òbí mi kú ní Èkìtì, màmá kan nínú ìjọ wa ló mú mi sọ́dọ̀, ó rán mi níléèwé, ó fi mí sẹ́nu iṣẹ́, títí dòní ilé rẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀ lójoojúmọ́...

Ní Àjíǹde tó kọjá, a fẹ́ ṣe dírámà bí wọ́n ṣe mú Jésù nínú ọgbà. Túndé ni Pétérù. Dáyọ̀, ọmọ màmá yìí, ni ìránṣẹ́ tí Pétérù gé etí rẹ̀. Bọ̀dá kan láti ìjọ wa wá sílé láti ìlú ọba. Lọ́hùn-ún, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wọ aṣọ ogun ayé àtijọ́, wọ́n á fi idà ṣeré ogun fún àwọn èèyàn wò. Ó mú ọ̀kan wá, irin gidi, wọn ò kàn pọ́n ẹnu rẹ̀ ni. Ó fi kọ́ Túndé bó ṣe máa gbé e sókè, tó sì máa dá a dúró kó tó kan èjìká Dáyọ̀. Túndé mọ̀ ọ́n ṣe débi pé choir ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí bọ̀dá fẹ́ padà, tó sì máa mú idà rẹ̀ lọ, ó ní kí n wọ̀n ọ́n kí n rọ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n oníṣúgà kan ní Òkè Àrin, kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ! Bọ̀dá ní bí idà ayé àtijọ́ ṣe rí nìyẹn, pé irin roboto tó wà ní ìdí rẹ̀ ló ń fa ìwúwo padà sọ́wọ́, kó lè dúró nígbà téèyàn bá dá a dúró. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, kọ́sítọ́mà tó bá wá wo géètì á kọ́kọ́ gbé e wò, tó bá fúyẹ́, á ní, "Ọ̀gá wẹ́dà, ṣé páànù lẹ fẹ́ tà fún mi ni?" Mo rò pé idà tó fúyẹ́ máa dójú tì mí níwájú ìjọ. Mo fi sípíríǹgì tírélà rọ tèmi, ó wúwo ju ìlọ́po méjì ti bọ̀dá lọ. Ìdí rẹ̀ ńkọ́? Igi ni mo fi ṣe é, mo kùn ún kó jọ irin.

Àárọ̀ ọjọ́ eré gan-an ni mo tó gbé e fún Túndé. Ó ní, "Bọ̀dá wẹ́dà, eléyìí mà wúwo o." Mo ní, "Ṣé o ò jẹun kúrò nílé ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí eré dé ibẹ̀, ó gbé e sókè... kò lè dá a dúró mọ́. Egungun èjìká Dáyọ̀ dá.

Àwọn méjèèjì ti ń jà lórí ipò olórí akọrin tẹ́lẹ̀, ni gbogbo ìjọ bá ní Túndé mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Àwọn alàgbà bi mí bóyá idà náà bá ti bọ̀dá dọ́gba. Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo jó o mọ́ géètì oníbàárà kan. Kí ló ṣe mí gan-an? Túndé fúnra rẹ̀ ti wá ń sọ pé bóyá ìbínú wà nínú òun tí òun ò mọ̀...

Sunday tó ń bọ̀ ni wọ́n máa yọ ọ́ kúrò nínú choir lójú gbogbo ìjọ. Láràárọ̀ ni màmá mi ń bẹ Ọlọ́run kó gbẹ̀san lára ẹni tó ṣe ọmọ òun léṣe, èmi náà sì ń ṣe àmín. Lánàá, ó bu ẹran lé oúnjẹ mi, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo mọ irin, dìde lọ́jọ́ Sunday kí o sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ dá idà dúró á dá a dúró." Mo ní, ẹ ṣeun mà.

Ẹ gbà mí o. Tí mo bá sọ ọ́, ṣé á ṣì máa pè mí lọ́mọ? Tí mo bá dákẹ́, ẹnu wo ni màá tún máa fi gbàdúrà? Ṣé kí n kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nílé kí Sunday tó dé ni, àbí kí n dìde níjọ bó ṣe ní kí n dìde, kó gbọ́ ọ pẹ̀lú gbogbo èèyàn?