Orí Iṣu Tí Ó Hù Nínú Eérú

Níkẹ́ ìyàwó wa,

Èbù wa ò kú o! Èbù iṣu mẹ́fà tí mo gbé wá sí Port Harcourt níbí láti Ṣakí, tí o rò pé ó ti bàjẹ́ torí pé ó ń hù, tí o gé orí wọn dà sẹ́yìn kíṣìnì, tí o wá se ìyókù, gbogbo orí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo bá tí wọ́n ti hù láàárọ̀ yìí. Eérú ààrò tí ò ń dà lé wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n rà. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí jó:

Wọ́n bẹ́ mi lórí, n ò kú o,
Eérú bò mí, mo tún yọ!

Ọkọ ẹ ní, "Màmá, orúnkún yín o!" Mo ní, "Iṣu tí wọ́n bẹ́ lórí ṣì hù, kí wá ni orúnkún lásán?"

Mo ti lọ tọrọ ilẹ̀ díẹ̀ tí a máa gbìn wọ́n sí ní àdúgbò Rumuodara kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Fi apẹ̀rẹ̀ bò wọ́n nítorí adìẹ kí n tó dé. Má bu omi sí wọn rárá. Má sì sè wọ́n, mo bẹ̀ ẹ́!

Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi yàn ẹ́ lódì, forí jì mí. Iṣu tí o sè lọ́jọ́ náà dùn. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí bínú.

Màmá